Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Gas Check Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe

Gas check, ìyẹn ife páànù pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju èékánná lọ, tí a ń fi bo ìdí ọta, ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà yín dá lé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ ti ń da ọta òjé fún ìbọn ráífù yín, ẹ ti mọ bí òjé ṣe ń yọ́ àti bí mọ́ọ̀dù ṣe ń gbóná. Ohun tó kù ni bí ẹ ó ṣe máa ṣe gas check rẹ̀ fúnra yín dípò kí ẹ máa rà á. A kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀ sójú kan. Ẹni tí òfin ibi tó ń gbé fún láyè láti ṣe ọta ara rẹ̀ là ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá tíì gba ìwé àṣẹ, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ mójú tó.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀, ẹ jẹ́ ká fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ. Ọta tí wọ́n ṣe fún gas check, ìdí rẹ̀ máa ń tín ju ara rẹ̀ lọ. Ibi tó tín yẹn la ó máa pè ní ìrù ọta. Dáì ìwọ̀n ni ihò irin tí a ń ti ọta gbà kọjá kí fífẹ̀ rẹ̀ lè bá ọ̀pá ìbọn mu. Pélébé ni àwo róbótó tí a gé lára páànù kí a tó tẹ̀ ẹ́ di ife.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ṣé dandan ni gas check fún ọta òjé? Ẹnìkan ní láìsí i, òjé á bo inú ọ̀pá ìbọn mi pátápátá.

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan fún gbogbo ọta. Òjé rọ̀, ìwọ̀n 327 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló ti ń yọ́. Nígbà tí ẹ̀tù bá jó, atẹ́gùn gbígbóná inú rẹ̀ á máa wá ibi tó lè gbà sá jáde. Bó bá rí àlàfo tín-ín-rín láàárín ìdí ọta àti ọ̀pá ìbọn, yóò gé òjé níbẹ̀ bí ọ̀bẹ, yóò sì máa fi í rẹ́ inú ọ̀pá bó ṣe ń lọ. Ife tó wà ní ìdí ọta ló ń dí àlàfo yẹn. Ó tún ń jẹ́ kí etí ìdí ọta gún régé, ó sì ń di àwọn ìlà tó ń yí ọta nínú ọ̀pá mú, kí òjé má baà yọ̀ gorí wọn kọjá.

Ọta tí kò ní gas check sábà máa ń ṣe dáadáa títí dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó dé 2,000 tàbí kó lé, gas check ni ọ̀nà tó rọrùn jù. Ṣùgbọ́n bí ọta yín kì í bá yára tó bẹ́ẹ̀, tí òjé sì ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, ẹ kọ́kọ́ wo fífẹ̀ ọta. Ọta tó kéré ju inú ọ̀pá ìbọn lọ ló sábà máa ń fa ìyẹn, gas check kò sì lè wò ó sàn.

Ìbéèrè: Agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ṣé mo lè gé e lò? Bí kò bá ṣeé lò, páànù wo ni kí n wá?

Ìdáhùn: Ara agolo kò nípọn ju nǹkan bí 0.1 mm lọ. Fún ọta tó ní ìrù, ó tín jù. Àwọn kan máa ń kó pélébé mẹ́ta lé ara wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ̀ lórí ara wọn, kì í sì í rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi agolo pamọ́ fún ọta tí kò ní ìrù. A ó débẹ̀.

Páànù tó wà láàárín 0.30 sí 0.45 mm ló bá ọ̀pọ̀ ọta ráífù mu. Alumíníọ̀mù tí àwọn kanlékanlé fi ń bo ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri sábà máa ń bọ́ sáàárín ìwọ̀n yìí. Ní Amẹ́ríkà, ìwúwo ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó ni wọ́n fi ń ka páànù bàbà: ti áúńsì 10 nípọn tó 0.34 mm, ti áúńsì 12 tó 0.41 mm, ti áúńsì 16 tó 0.55 mm. Méjì àkọ́kọ́ dára. Ẹ̀kẹta ti nípọn jù fún ọta .30, ìyẹn ọta ìbọn tí inú ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 0.30 ínṣì. Ohun yòówù tí ẹni tó tà á bá sọ fún yín, ẹ fi máíkrómítà wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta mẹ́rin. Kálípà kò tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé àṣìṣe 0.03 mm tó lè ṣe ni ìyàtọ̀ láàárín gas check tó dúró àti èyí tó ń yẹ̀.

Ẹ má fi síǹkì ṣe é láé, ẹ má sì fi irin tí wọ́n fi síǹkì bò ṣe é. Ọta tí ẹ bá wà jáde nínú òkìtì yanrìn yóò padà sínú ìkòkò òjé lọ́jọ́ kan. Bàbà àti alumíníọ̀mù á léfòó, ẹ ó sì fi ṣíbí gbọ̀n wọ́n dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Síǹkì ní tirẹ̀ á yọ́ bí ìkòkò bá ti dé 419, á wọnú òjé, òjé náà á wá ki bí ògì, kò sì ní kún mọ́ọ̀dù mọ́. Ìkòkò odidi lè bàjẹ́ nítorí ìwọ̀nba díẹ̀. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi iná mànàmáná sé ara rẹ̀ le, ìyẹn èyí tó máa ń dán bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ láró, kò dára náà: ojú ara rẹ̀ le, ó ń jẹ ẹnu irinṣẹ́. Èyí tí wọ́n kàn kùn lọ́dà kò ní wàhálà. Ọ̀dà náà tilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti yọ̀ wọ inú dáì.

Ìbéèrè: Páànù mi nípọn tó 0.25 mm. Gas check tí mo fi ṣe fún ọta .30 ń yí lórí ìrù ọta, kódà lẹ́yìn tó ti gba inú dáì ìwọ̀n kọjá. Bí mo bá fi èékánná tì í, ó ń bọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ọwọ́ yín kò ṣì í, ìṣirò ni kò bára mu. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀.

Ẹ mú ọta mẹ́wàá, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ẹ fi máíkrómítà wọn ìrù wọn ní ọ̀nà méjì, torí pé apá méjèèjì mọ́ọ̀dù lè mú kí ìrù rí bí ẹyin díẹ̀. Ká sọ pé ẹ rí 7.24 mm, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún ọta .30. Ká sì sọ pé dáì ìwọ̀n yín jẹ́ 7.85 mm. Bí a bá yọ 7.24 lára 7.85, ó ku 0.61. Ìdajì rẹ̀ tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.30 mm. Àyè tí ògiri ife ní nìyẹn.

Páànù yín jẹ́ 0.25. Ìlọ́po méjì rẹ̀ 0.50, ẹ fi 7.24 kún un, ó di 7.74. Dáì fẹ̀ tó 7.85. Gas check yín gba inú dáì kọjá, dáì kò sì fọwọ́ kàn án! Kí ni yóò wá fún un mọ́ ìrù?

Ẹ wo páànù 0.36: ó di 7.96. Dáì yóò fún un wọlé ní 0.11 mm. Ìfún yẹn ló ń tẹ ẹnu ife wọ inú òjé. Bàbà 0.41 á di 8.06, a ó fún un ní 0.21; ó ṣeé ṣe bí ẹ bá ti fi iná rọ bàbà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀rọ yóò wúwo. Ti 0.55 á di 8.34. Ẹ má dán an wò, torí pé ìrù òjé ni yóò kọ́kọ́ fọ́ kí bàbà tó gbà, tàbí kí ọta há sínú dáì.

Láàárín 0.08 sí 0.15 mm ni ìfún tí a fara mọ́. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó ná owó lórí páànù tàbí kí ẹ tó gbẹ́ irinṣẹ́ kankan, torí òun ló ń pinnu gbogbo ìwọ̀n yòókù. Nígbà tí ẹ bá sì ti tẹ ife àkọ́kọ́, ẹ tún ògiri rẹ̀ wọ̀n létí ẹnu. Nígbà tí pélébé ń di ife, irin tó wà létí máa ń kó jọ, ẹnu ife sì lè nípọn ju páànù lọ díẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ bí pélébé ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó? Mo ń gé e, mo ń dán an wò, páànù sì ń ṣòfò.

Ìdáhùn: Ìṣirò kan wà tó ń gbéni débẹ̀. Ẹ wá fífẹ̀ àárín ògiri ife: ìrù 7.24, ẹ fi nípọn páànù ẹyọ kan kún un, 0.36, ó di 7.60. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀: 57.76. Lẹ́yìn náà, ẹ mú gíga ògiri tí ẹ fẹ́, ká ní 2.2 mm, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 7.60, kí ẹ tún sọ èyí tó bá jáde di ìlọ́po mẹ́rin: 66.88. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, 124.64. Nọ́ńbà tí ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ iye yìí ni 11.16. Nítorí náà, pélébé yín yóò fẹ̀ tó 11.2 mm.

Bí ẹ bá fi 0.2 mm kún gíga ògiri, pélébé á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 0.27 mm. Ẹ má jẹ́ kí ògiri ga ju ìrù lọ. Bí ìrù bá gùn tó 2.5 mm, 2.2 dára. Ògiri tó ga jù yóò fi ẹnu gún èjìká ọta, ìsàlẹ̀ ife kò sì ní kan ìdí òjé. Atẹ́gùn yóò wà láàárín wọn, ẹ̀tù á sì tẹ ìsàlẹ̀ náà wọlé nígbà tó bá jó. Kó kúrú díẹ̀ sàn ju kó gùn díẹ̀ lọ.

Ní ti ṣíṣòfò: bí ihò kan bá jìnnà sí èkejì ní 12.2 mm láti àárín dé àárín, páànù tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú lóròó á mú ìlà 24 jáde, ẹyọ 24 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 576. Ẹ má fún wọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí okùn irin tó kù láàárín ihò méjì bá tín jù, ó máa ń já, á sì fa etí pélébé wọ́.

Ìbéèrè: Mo ní léètì kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé irinṣẹ́ náà fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún oníṣẹ́ irin.

Ìdáhùn: Irinṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ ṣe, èyí tó ń gé pélébé tó sì ń tẹ̀ ẹ́ di ife lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ní: dáì (ọ̀tọ̀ nìyí sí dáì ìwọ̀n), pọ́ǹṣì ìgé, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń ti páànù wọ inú dáì, tó ní ihò láàárín, àti pọ́ǹṣì ìtẹ̀ tó ń gba inú ihò yẹn kọjá.

Dáì ní ihò oníbejì. Ti òkè fẹ̀ tó 11.20 mm, ẹnu rẹ̀ mú ṣáṣá, ibẹ̀ la ti ń gé. Ti ìsàlẹ̀ fẹ̀ tó 8.00 mm, ibẹ̀ ni pélébé ti ń di ife. Èjìká tó wà láàárín méjèèjì, ẹ yí etí rẹ̀ róbótó ní nǹkan bí 0.8 sí 1 mm, kí ẹ sì fi sáńpépà tó kúnná dán an títí yóò fi dà bí dígí. Ibí yìí ni kí ẹ lo àsìkò yín sí. Gbogbo ara pélébé ló ń fà gba etí yìí kọjá. Bí ojú ibi tí irinṣẹ́ léètì gbà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó rí ìlà kan náà lára ògiri gbogbo ife tí ẹ bá ṣe.

Pọ́ǹṣì ìgé jẹ́ 11.15 mm, kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 0.025 mm. Pọ́ǹṣì ìtẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ìrù ọta gan-an, 7.24 mm, ẹ yí etí rẹ̀ róbótó ní 0.5 mm. Ẹ lu ihò 1.5 mm la àárín rẹ̀ já kí atẹ́gùn lè wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ife á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ fi ohun ìdádúró kan sí i kí pọ́ǹṣì ìgé má tẹ pélébé mọ́ èjìká pinpin: àyè 0.40 mm ni kó ṣẹ́kù fún páànù 0.36. Bó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, irin kò ní lè yọ̀ wọlé, ìsàlẹ̀ ife á sì ya. Bó bá dẹ̀ jù, etí á hunjọ.

Ní ìsàlẹ̀ ihò 8.00, ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ mú. Ife tó bá ti kọjá máa ń fẹ̀ díẹ̀, nítorí náà nígbà tí pọ́ǹṣì bá ń padà sókè, etí yẹn á gbá a mú, ife á sì já bọ́.

Irin O1 tàbí sílífà stíìlì, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń ṣe irinṣẹ́, dára fún gbogbo rẹ̀. Ẹ gbóná rẹ̀ dé nǹkan bí 800: nígbà tí òòfà kò bá fà á mọ́, ẹ tún jẹ́ kó pọ́n sí i díẹ̀. Ẹ rì í bọ inú epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá dá a padà sí ooru títí ara rẹ̀ á fi ní àwọ̀ koríko gbígbẹ, ìyẹn nǹkan bí 220. Ẹ fi ìwọ̀n díẹ̀ sílẹ̀ fún lílọ̀, nítorí irin máa ń wú tàbí kó yí díẹ̀ nínú iná.

Agbára tí gígé ń gbà kò pọ̀. Fún bàbà rírọ̀ 0.36, ó súnmọ́ ìwúwo kílò 200, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń kó ọta sì lè ṣe é láìmí gúlegúle. Òòlù náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n òòlù kì í balẹ̀ gúnlẹ̀ nígbà gbogbo, ẹnu pọ́ǹṣì sì máa ń fara gbá a.

Ìbéèrè: Etí gas check mi ń hunjọ bí aṣọ tí a kò lọ̀. Àwọn mìíràn ń ya nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn ga lápá kan ju apá kejì lọ.

Ìdáhùn: Àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ má fi oògùn kan wò wọ́n.

Híhunjọ ń wá láti inú àlàfo. Bí ihò ìsàlẹ̀ bá fẹ̀ ju ìlọ́po méjì nípọn páànù pẹ̀lú pọ́ǹṣì lọ púpọ̀, irin á rí àyè ká. Ẹni tó gbẹ́ irinṣẹ́ fún 0.36, tó wá ń fi páànù 0.25 sí i, yóò rí i lójú ẹsẹ̀. Irinṣẹ́ kan, nípọn kan.

Yíya nísàlẹ̀ ń wá láti ara irin tó ti le, láti etí pọ́ǹṣì tó mú jù, tàbí àìsí epo. Ẹ fi ìda tí a pò mọ́ epo díẹ̀ pa páànù lójú méjèèjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tó bá pọ̀, epo á há sábẹ́ pọ́ǹṣì, á sì tẹ ìsàlẹ̀ ife kòtò.

Gíga tí kò dọ́gba ní ojú méjì. Bó bá ga lápá kan ṣoṣo, pọ́ǹṣì àti dáì kò sí lórí ìlà kan náà. Bó bá ní etí mẹ́rin tó yọ sókè tí wọ́n sì jìnnà síra dọ́gba, ara páànù ni: ọ̀nà tí wọ́n gbà fi rọ́là tẹ̀ ẹ́ ló fà á. Bí etí náà kò bá ju 0.1 mm lọ, ẹ fi í sílẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bẹ̀rù eyín wẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yọ létí pélébé, ẹ wo apá tó kọjú sí. Lára pélébé tí a gé, ọ̀dọ̀ pọ́ǹṣì ni eyín yẹn máa ń wà. Nínú irinṣẹ́ tí a ṣàlàyé lókè, ojú yẹn ló ń di inú ife, nítorí náà eyín náà á kọjú sí òjé, á sì bù ú jẹ. Ó ṣe wá lóore. Bó bá jẹ́ pé ìta ló yọ sí, tàbí tó gùn tó ohun tí èékánná ń kọ́, àkókò ti tó láti lọ ẹnu pọ́ǹṣì ìgé.

Ìbéèrè: Ṣé mo gbọ́dọ̀ fi iná rọ páànù? Mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú alumíníọ̀mù, ó sì yọ́ dànù lójú mi láìpọ́n rárá.

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni alumíníọ̀mù ṣe ń ṣe, 660 ló ń yọ́, kì í sì í pọ́n lójú kó tó dé ibẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ fa ìlà sára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síná. Nígbà tí ìlà ọṣẹ bá di àwọ̀ ilẹ̀ tó ń lọ sí dúdú, ó tó, ẹ gbé e kúrò. Iná jẹ́jẹ́ tó ń rìn káàkiri ni, kì í ṣe èyí tó dúró sójú kan.

Bàbà rọrùn. Ẹ gbóná rẹ̀ títí yóò fi pọ́n ráúráú nínú òkùnkùn díẹ̀, kí ẹ jù ú sómi tàbí kí ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, ọ̀kan náà ni. Omi kì í sọ bàbà di líle bíi ti irin. Ẹ fọ dúdú ara rẹ̀ kúrò kó má baà jẹ dáì. Títẹ̀ tí ẹ bá tẹ bàbà di ife máa ń sọ ọ́ di líle padà, nítorí náà àwọn tó fẹ́ kó fún dáadáa máa ń tún fi iná rọ ife tó ti parí. Fún bàbà, a gbà yín níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Irin líle máa ń ta padà nígbà tí dáì bá fún un tán, ìtapadà yẹn ló sì ń tú u lára ìrù.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá gas check ń bọ́ lẹ́yìn tí ọta bá ti jáde? Ṣé ó sì léwu?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí tábìlì. Lẹ́yìn dáì ìwọ̀n, ẹ fi èékánná tì í, kí ẹ gbìyànjú láti yí i. Bó bá mira, kò yege. Ẹ wá fi ẹ̀mú fa ọ̀kan tú: ó yẹ kí ẹ rí òrùka tí ẹnu ife tẹ̀ sára òjé yí ìrù po. Bí òrùka náà bá jinlẹ̀ lápá kan tó sì parẹ́ lápá kejì, ife náà dagun nígbà tó wọlé. Ọta tí ife rẹ̀ dagun ló sábà máa ń yà kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú àmì.

Lójú pápá, ẹ ta bébà fẹ̀ǹfẹ̀ kan sí nǹkan bí mítà mẹ́wàá síwájú ìbọn, kí ọta gba inú rẹ̀ kọjá. Ihò kan fún ọta kan ló yẹ kó wà. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ife ló ń bọ́ nínú afẹ́fẹ́. Ìyẹn kì í jẹ́ kí àwọn ọta bà sójú kan náà, nítorí pé àwọn kan bọ́, àwọn kan kò bọ́.

Ewu gidi wà níbòmíràn. Gas check tó dẹ̀ lè bọ́ nínú kéèsì, ìyẹn ife irin tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó yìnbọn rárá. Nínú kéèsì tó ní ọrùn, bí ẹ bá ti ọta wọlé títí ìdí rẹ̀ fi kọjá ìsàlẹ̀ ọrùn, kò sí ohun tó di ife mú mọ́, ó sì lè jábọ́ sáàárín ẹ̀tù. Ẹ jẹ́ kí gas check máa wà nínú ọrùn nígbà gbogbo. Èyí tó bá sì bọ́ nínú ọ̀pá ìbọn tó dúró síbẹ̀ jẹ́ ìdíwọ́ fún ọta tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdíwọ́ nínú ọ̀pá ń fọ́ ìbọn, ó sì ń pa ènìyàn. Nítorí náà, títí ẹ ó fi fọkàn tán páànù tuntun, ẹ tú ìbọn, kí ẹ wo inú ọ̀pá lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. A mọ̀ pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ ṣe é.

Ìbéèrè: Èmi, gas check mi kì í tilẹ̀ wọ ìrù. Mo ní láti fi òòlù kàn án wọlé, òjé sì ń bó.

Ìdáhùn: Ìrù yín tóbi. Òjé tí áńtímónì àti tánńganran pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sún kì nígbà tó bá tutù bíi ti òjé rírọ̀, nítorí náà mọ́ọ̀dù kan náà lè da ìrù tó tóbi jù fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá yí àdàlù padà. Ẹ wo ìdí ọta náà bóyá òjé sá gba ẹnu mọ́ọ̀dù tí kò dé dáadáa, tó fi ìyẹ́ tín-ín-rín sílẹ̀ létí ìrù. Ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ife jókòó ní ìdagun. Ẹ da irú ọta bẹ́ẹ̀ padà sínú ìkòkò.

Bí ìrù bá dára tí kò kàn wọlé, ẹ fi iná rọ àwọn ife, kí ẹ fi ọ̀pá irin tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó díẹ̀ ṣí ẹnu wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ní 0.05 mm. Ẹ fi ọwọ́ tì í títí yóò fi jókòó pẹrẹsẹ, kí ẹ tó gbé e lọ sínú dáì. Dáì tí ọta ń gba inú rẹ̀ kọjá ní imú ṣíwájú ló dára jù, nítorí orí pọ́ǹṣì tó tẹ́jú ló ń ti ìsàlẹ̀ ife, á sì mú un gún.

Ìbéèrè: Mọ́ọ̀dù mi kò ní ìrù. Ṣé mo lè fi gas check sí ọta bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, ibí sì ni páànù tín-ín-rín ti wúlò: alumíníọ̀mù 0.1 sí 0.25 mm. Ife náà á bo ìdí ọta bó ṣe fẹ̀, dáì á sì tẹ òjé ìdí wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Pọ́ǹṣì ìtẹ̀ yín á tóbi sí i, torí fífẹ̀ ìdí ọta ni yóò tẹ̀ lé, ìṣirò pélébé sì tún yí padà. Ọta rírọ̀ dára fún èyí ju ọta líle lọ, torí òjé gbọ́dọ̀ lè yẹra fún ògiri ife. Ẹ má retí kó di mú bíi ti ọta tó ní ìrù.

Ìbéèrè: Ṣé mo gbọ́dọ̀ fọ epo ara gas check kúrò?

Ìdáhùn: Dandan ni. Epo tó bá kù nínú ife yóò ba ẹ̀tù jẹ́, kò sì ní jẹ́ kí ẹnu ife di òjé mú. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọwó, ẹ gbọ̀n wọ́n nínú ike, ẹ dà wọ́n sínú asẹ́, ẹ ṣan wọ́n, kí ẹ tẹ́ wọn sórí aṣọ gbígbẹ títí di ọjọ́ kejì. Omi há sí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ife ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má ṣe fọ wọ́n nínú abọ́ oúnjẹ, ẹ má sì tẹ́ wọn sórí tábìlì tí ẹ fi ń ti ọta gba dáì: eruku òjé wà níbẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ibẹ̀, ẹ má sì gbá ilẹ̀ ibẹ̀ ní gbígbẹ. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.